Ẹnu Ni Mo Pa Mọ́, Mo Gbàgbé Fóònù

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí tó kọ́kọ́ pè mí ní bàbá,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara ò ro ọ́, ṣé òrùlé ilé tí o háyà kò jò mọ́? Àwa níbí ń mí, à ń jẹ, à ń sùn. Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ náà ń kí ọ, èyí tí o máa ń sùn sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré tí ariwo rẹ̀ kì í jí ọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, ibi tí ìwọ náà bá gbà ni ire yóò máa tọ̀ ọ́ lọ, o ò ní rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà ò dára, ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore kò ní sùn lọ ní ọjọ́ rẹ. Àmín.

Láti ìgbà tí o ti bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ kò ti jẹun dáadáa. O ní wọ́n ní kí o lọ jókòó sílé ná, pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yín yóò ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ, bóyá wọn óò gbà ọ́ padà, bóyá wọn óò lé ọ. O ní ohun tí ẹgbẹ́ aránṣọ wa gbé sórí ayélujára ló fà á. Lẹ́yìn náà lo bú sẹ́kún, ni fóònù bá já. Kó tó já, o ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ lórí fóònù mọ́. Mo ti gbọ́. Mo ti pa fóònù náà, mo fi àjákù aṣọ mẹ́ta wé e, mo sì tì í mọ́ inú àpótí kó má baà máa gbọ́ ohun tí à ń sọ nínú ilé. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù bí ayé àtijọ́. Awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá sí ìlú yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀, yóò dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ fún ọ láti òkè dé ilẹ̀, kí o lè mọ ẹnu tí wàá fi bá àwọn ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀.

O rántí pé ìwọ lo bá wa wá iṣẹ́ yẹn. Ìwọ lo dúró fún wa, o ní bàbá rẹ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rán aṣọ fún àwọn ọlọ́dẹ ogójì tó ń ṣọ́ ibi tí ilé-iṣẹ́ yín ń kó oògùn àwọn ilé ìwòsàn pamọ́ sí. Wọ́n fún wa ní ìwé àdéhùn olójú-ewé mọ́kànlá, èdè lọ́yà ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí a kà á. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin tó ń rán búláòsì ní ojúkojú ẹ̀rọ omi, ka ibì kan síta tó ní a kò gbọdọ̀ fi í han ẹnikẹ́ni. Alága ní ó ti yé òun. Ó ká ìwé àdéhùn náà, ó tì í mọ́ inú àpótí irin, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ṣòkòtò, títí di òní olónìí ojú ẹnikẹ́ni ò kan ìwé náà. Ní ti èyí, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó lè bá wa wí. Àṣé aṣọ ni wọ́n ń sọ, àwa rò pé ìwé ni.

Akọ̀wé yìí kan náà ló ṣí ojú-ewé fún ẹgbẹ́ wa lórí ayélujára. Bó ṣe yé mi sí ni pé pátákó ni, irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé wa tí a máa ń lẹ ìwé mọ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé inú fóònù ni tirẹ̀ wà, òjò ò lè pa á. Mo bi í pé ta ni yóò máa kà á, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ wa ni. Ọkàn mi balẹ̀. Oṣù méjì kò pé, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ wa ti lé ní ẹgbàajì. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta láyé, àwọn ọ̀rẹ́ tí mo lè pè lóru kí wọ́n dáhùn kò ju mẹ́rin lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti dití. Mo béèrè pé bí gbogbo wọn bá ní àwọn fẹ́ wá kí wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo ńkọ́. Alága ní a lè yá bẹ́ńṣì ní ilé-ìwé. Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe o, ó ti lọ bi wọ́n.

Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wọlé síbẹ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sára ògiri lókè tábìlì áyọ́ọ̀nù, a kọ ọ́ gàdàgbà gadagba nítorí ojú Alága. Ibi tábìlì yẹn náà ni iná ti mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni a sì ti ń ya gbogbo fọ́tò wa. Ìgbà tí ẹnìkan tí a ò mọ̀ wọlé, tó wá ń bá wa polówó bàtà, la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ohun tó wà lẹ́yìn wa nínú àwọn fọ́tò náà.

Ohun tó tún fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ti àtàǹpàkò. Bí a bá ti gbé fọ́tò síbẹ̀, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn á fi máa na àtàǹpàkò sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá ti tẹ̀ka sábẹ́ ìwé ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Fọ́tò aṣọ àwọn ọlọ́dẹ yín kò tíì lo ọjọ́ méjì tí ẹni mẹ́tàdínláàádọ́ta fi tẹ̀ka sí i. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ yín, ẹni mẹ́ta péré ló fọwọ́ sí i, tiwa ti ní mẹ́tàdínláàádọ́ta, pé bó bá tiẹ̀ di ilé ẹjọ́, àwa la máa borí. Ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ.

Wàyí o, àwọn kan lára ọ̀rẹ́ wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ṣé àwa gan-an la rán aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kí Akọ̀wé ya báàjì lọ́tọ̀, kó ya inú kọ́là, kó ya ẹ̀yìn àpò, kí wọ́n lè rí i pé a kì í ṣiṣẹ́ wúruwùru. Mo wá ní kó ya ìwé ìwọ̀n mi pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Inú ìwé yẹn ni orúkọ gbogbo àwọn ọlọ́dẹ ogójì yín wà, pẹ̀lú àyà wọn, ìbàdí wọn, gígùn apá wọn, àti ibi tí oníkálukú ń dúró sí, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ta ló wà lẹ́yìn níbi tí ọkọ̀ ti ń já oògùn, ta ló ń ṣọ́ àárọ̀, ta ló ń ṣọ́ òru, nítorí pé aṣọ àwọn tòru gbọ́dọ̀ nípọn. O mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì pàápàá á kà á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára wọn, ohun kan ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bí o bá ń wọn èèyàn, má pariwo iye tó jẹ́. Wò ó, kọ ọ́ sílẹ̀, pa ìwé rẹ dé. Wọ́n ní ara èèyàn kì í ṣe ọjà tí à ń polówó. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti wọn obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ó lóyún, n kò sọ. Ọdọọdún ni mò ń wọn Alága wa, mo sì mọ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń fi ínǹṣì méjì méjì lọ síwájú nígbà tó ń sọ káàkiri pé òun kì í jẹ alẹ́ mọ́, n kò sọ ọ́ rí, àfi ìwọ tí mo sọ fún yìí, má sọ ọ́. Àṣé ẹnu nìkan ni mo pa mọ́, mo gbàgbé fóònù. N kò mọ̀ pé fóònù náà lẹ́nu, àti pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ.

Ìwé tí a bá sì ṣí sílẹ̀, ojú-ewé méjì ló máa ń hàn. Àwọn ọlọ́dẹ yín wà ní apá ọ̀tún. Ní apá òsì, ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọn fi ínǹṣì kan àti ààbọ̀ kúrú sí tọ̀tún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń dọ́gbọ́n sí ẹnu ṣòkòtò wọn, tí oníṣọ̀nà bàtà ń gbé ìsàlẹ̀ bàtà kan ga, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé-ìwé yẹn kò sì mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn fọ́tò náà, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ mẹ́fà sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, gbogbo wọn ń tiro. Wọn ò wẹ̀yìn. Ojú tì mí débi pé mo dìde, mo lọ dúró sẹ́yìn aṣọ tí mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́yà ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa. Ó ní a ti tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa, pé òfin wà lórí ẹ̀, kí a yọ fọ́tò náà kúrò láàárín ọjọ́ méje kí a sì tọrọ àforíjì. Ìwé náà dára gan-an, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Alága ò kà á dópin, òǹtẹ̀ ló rí. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa ti wà, lọ́yà kankan kò kọ̀wé sí wa rí, pé ó yẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ wa mọ̀ pé a ti di ẹni ńlá. Ni wọ́n bá ya ìwé lọ́yà náà, wọ́n gbé e sórí pátákó. Ọgọ́rin èèyàn ló tẹ̀ka sí i. Ọ̀gá ilé-ìwé kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ wọn kò sì bú mi, èyí ló sì dùn mí jù.

Jẹ́ kí n wá sọ ìròyìn ayọ̀ tí wàá fi ṣe ẹ̀rí níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Lára àwọn ọ̀rẹ́ wa, ọ̀kan wà tó mọ ìwà hù. Bàbá wa ló ń pè mí, á béèrè ara mi, á gbàdúrà fún ọwọ́ mi, kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọlúàbí ni mo sọ ọ́. Ó ní ọ̀kan lára àwọn ọlọ́dẹ yín lòun, pé aṣọ tí a rán bá àwọn lára mu débi pé àwọn fẹ́ mẹ́fà sí i, owó ara àwọn ni àwọn óò fi san án, kí a má wulẹ̀ fi tó ọ́fíìsì létí, nítorí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì máa ń falẹ̀. Mo ní n kì í rán aṣọ fún ara tí téèpù mi kò kàn. Ó ní kí n ṣáà gé e tóbi. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ọkọ̀ wá, ó dé fìlà bo ojú. Ó dárúkọ ara rẹ̀, mo sì mọ orúkọ náà, orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni. Ó ní kí n fi ìwọ̀n tòun rán gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó tún ní kí n fi àpò méjì méjì sínú ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan, kó jìn dé orúnkún, kó má hàn síta, pé wọn kì í fún àwọn láyè jẹun, ibẹ̀ ni àwọn óò máa kó oúnjẹ sí. Àánú wọn ṣe mí. Bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ jẹun.

Àwọn aṣọ mẹ́fà náà ti parí, a fi aṣọ àti báàjì tó ṣẹ́kù lára tiyín rán wọn, wọ́n wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá kó wọn. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ń bínú sí iṣẹ́ wa, bi wọ́n pé aṣọ tí kò dára, ṣé àwọn ọlọ́dẹ wọn á máa fi owó ara wọn wá a wá?

Ọjọ́rú, àárọ̀.

Mo dá kálàmù dúró síbi tí o rí yẹn lánàá, nítorí ìyá rẹ. Mo ń ka lẹ́tà náà sókè bó ṣe ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan. Nígbà tí mo dé ibi àpò tó jìn dé orúnkún, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní ta ló ń fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ iṣẹ́? Ó ní irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń fi pamọ́ sí orúnkún?

Mo dìde, mo mú ìwé ìwọ̀n. Mo wo ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nínú àwọn ogójì yín, àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì. Mo wo Ọmọlúàbí tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n, tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Mo ní bóyá ó ti sanra. Mo wo apá. Apá Ọmọlúàbí fi ínǹṣì mẹ́ta gùn ju ti ẹni tó pe ara rẹ̀ lọ. Èèyàn lè sanra, ọmọ mi, ṣùgbọ́n apá àgbàlagbà kì í gùn sí i. Mo fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan látorí ẹni kìíní dé ẹni ogójì, kò sí ọ̀kan tí ara yẹn jẹ́ tirẹ̀. Lórí pátákó wa ló ti rí orúkọ tó dá fún mi. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ fún un.

Mo yíjú wo àwọn aṣọ mẹ́fà tó wà lórí ìkọ́, àfi bí ẹni pé èèyàn mẹ́fà ló dúró sẹ́yìn mi láti àná. Ìgbà náà ni ẹkún rẹ tó yé mi. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í wo ju aṣọ lọ. Mo ti rán kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ yín ní ẹ̀dà mẹ́fà, mo sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ mi, ẹnu ni èmi, ìwọ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gba ìgbátí. Mo sunkún díẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi ẹkún sílẹ̀, kí n wọ bàtà.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní mo mú olè wá, tí mo sì gbé ìwé ìwọ̀n síwájú rẹ̀. Mo ṣí i fún un, mo fi ara méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan hàn án. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi fóònù tirẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ yín, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Ó ti tán, a ti mú un. Àwọn ọlọ́pàá méjì ló wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n wọ aṣọ ilé. Mo wọn ọ̀kan nínú wọn nítòótọ́, nítorí bí n kò bá ṣiṣẹ́, ara máa ń ro mí, ó sì ti ní kí n bá òun rán ṣòkòtò kan. Ọmọlúàbí dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó tún gbàdúrà fún ọwọ́ mi. Mo ní ẹnikẹ́ni kì í gbé aṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi láìwọ̀ ọ́ wò. Ó ní òun ń kánjú. Mo ní àṣà ọ̀gá mi ni. Ó wọ̀ ọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní àárọ̀ yẹn mo ti fi òwú tó le jù nínú ilé gán orúnkún ṣòkòtò náà méjèèjì pọ̀ láti inú. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe dìde, ó ní kóun sá, ìṣísẹ̀ kan péré ló gbé, ó ṣubú gbì sílẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ. Òwú yẹn ò já. Wọ́n ní àwọn márùn-ún yòókù wà nínú ọkọ̀ kan ní ìkóríta, wọ́n ti kó àwọn náà.

Alága sáré dé, ó ní kí Akọ̀wé yára ya fọ́tò ọkùnrin náà nílẹ̀ níbẹ̀, pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ni yóò tẹ̀ka sí i. Mo dúró síwájú fóònù náà. Mo ní tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ ya ẹ̀yìn mi. N kò bá Alága jà rí láti ogún ọdún, lánàá ni mo bá a jà. Akọ̀wé ló gbè mí lẹ́yìn. Ó ti nu ògiri, ó ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ó ti yọ gbogbo fọ́tò iṣẹ́ yín àti ìwé lọ́yà kúrò, ẹgbẹ́ sì ti fẹnu kò pé aṣọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé orí pátákó bí kò ṣe pé ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà. Mo ní ṣé àwọn ọ̀rẹ́ wa ẹgbàajì yẹn ò lè bá wa gbàgbé ohun tí wọ́n ti rí, bóyá kí n máa lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan á ti fi pamọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ́fíìsì wọn ní àárọ̀ òní. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi fọkàn tán mi, ọjọ́ kan ni mo fi bà á jẹ́. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n mú aṣọ kan tí wọn kò tíì gé jáde, wọ́n dìde dúró kí n wọn àwọn. Nígbà tí mo ń kọ ti ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ wẹ́wẹ́. Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́, débi pé èmi gan-an kò rí i kà mọ́, n óò tún un wọ̀n ni.

Ọmọ mi, n kò mọ ohun tí wọn óò sọ ní ọjọ́ Ajé. Mú lẹ́tà yìí lọ, fi han àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n kà á tán. Sọ fún wọn pé ìwọ kọ́ lo ṣe é, bàbá rẹ ni, àgbà tó rò pé òun gbọ́n, tó ti ìwé mọ́ inú àpótí, tó wá fi ohun tí ìwé ń sọ han gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ fara gbá a, èmi ni kí wọ́n pè. Bí wọ́n bá sì lé ọ nítorí mi, padà wálé, àyè rẹ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ á yọ síta báyìí.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbé e, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ nípasẹ̀ awakọ̀ yìí, àlọ àti àbọ̀, kí a lè wá dúró tì ọ́. Bí kò bá gbé e, fi ti àlọ nìkan ránṣẹ́, n óò wọn ẹnìkan lọ́hùn-ún, n óò fi owó iṣẹ́ náà padà. Fi owó àgádágodo kékeré kan kún un, ti ìwé ìwọ̀n mi ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àṣìṣe mi di ẹkún rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ níbi tí o ti fi òtítọ́ sìn. Aṣọ iyì tí o wọ̀ dé ìlú yẹn, kò ní ya mọ́ ọ lára. Ìyá rẹ ní àmín láti ìdí iná.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Akọ̀wé ní òun lè ya lẹ́tà yìí kó dé ọwọ́ rẹ ní ìṣẹ́jú kan, mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ jìnnà. N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpòòwé náà, gọ́ọ̀mù ṣeé fi ooru omi ṣí. Abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú ni mo fi rán an, ojú mẹ́tàdínlógún ni mo rán an, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí o tó ṣí lẹ́tà yìí rárá, kọ́kọ́ ka ojú òwú rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá pé mẹ́tàdínlógún, ẹlòmíràn ti wo inú rẹ̀, jọ̀ọ́, má ṣí i, má ka ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.